Ọ̀rọ̀ Tí Èémí Kan Lè Gbé

Ohùn inú fóònù ní òjò ń rọ̀.

"Màmá mi ọ̀wọ́n. Ẹ kú òjò. Aṣọ yín ńkọ́? Ẹ ká a."

Òjò wo? Eruku ló wà lóde. Oòrùn ti na ilẹ̀ títí ilẹ̀ fi la ẹnu, ewé igi iwájú àgọ́ ọlọ́pàá sì ti ká kóńkó bí etí àgbà. Òjò tó yẹ kó ti dé lóṣù tó kọjá kò tíì ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀, ká má tíì sọ pé kó dé.

Màmá Aránṣọ rọra gbé fóònù náà lélẹ̀ lórí tábìlì, bí ẹni tó ń tẹ́ ọmọ tuntun. Tépù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìdààmú ló lé e jáde nílé, kò rántí yọ ọ́.

"Ohùn ọmọ mi nìyẹn," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọmọ mi kọ́ ló ń sọ̀rọ̀."

Obìnrin tó jókòó ní òdìkejì tábìlì kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, ẹnu iṣẹ́ ló ti hu ewú. Elétí-Ọfẹ ni tọmọdé tàgbà ń pè é, torí bí èèrà bá húkọ́ nínú ṣúgà, á bi í pé ìgbà wo ló ti ń ṣe é.

"Ẹ fara balẹ̀, màmá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí."

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Olóhùn-Iyọ̀ ni ọmọ kan ṣoṣo tó kù fún Màmá Aránṣọ. Àwọn méjì tó ṣáájú ti lọ ní kékeré. Àwọn tó ń ṣe fídíò ló ń bá ṣiṣẹ́. Òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ máa ń kà jáde, tí ẹni tó ń gbọ́ ọ á fi rò pé ènìyàn ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Ní oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, ó ní òun ríṣẹ́ sí ìlú tó jìnnà, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó lọ. Láti ọjọ́ náà, kò pè rí. Fídíò ló ń wá, ọ̀kan lọ́sẹ̀ kan: àwòrán òdòdó, àwòrán òkun, ohùn rẹ̀ á máa sọ̀rọ̀ lé e lórí. Bí ìyá bá pe nọ́ńbà náà, wọ́n ti pa fóònù.

"Ìgbà wo ló máa ń dé?"

"Àárọ̀ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá géérégé. Àfi ìkẹsàn-án tó dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lọ́sẹ̀ tí ibà dá àbúrò mi yìí gúnlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò gbórí sókè. Mo ní ṣé ẹni méjì ló fẹ́ bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ni."

Àbúrò tó ń wí náà jókòó tì í, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́, alágbàfọ̀ àdúgbò, tí omi ọṣẹ ti hun ìka rẹ̀ jọ. Wọ́n jọ ń gbélé ni. Ó sọ ojú sílẹ̀.

"Mẹ́rìndínlógún ló ti wá," Màmá Aránṣọ ní. "Mẹ́rìndínlógún! Kò bá mi jà lẹ́ẹ̀kan."

"Kò bá yín jà kẹ̀?"

"Ẹ gbọ́, ọmọ tó wà láàyè a máa bá ìyá rẹ̀ jà! Á ní, 'Màmá, mo ní kẹ́ ẹ má gbé ẹrù wúwo.' Á ní, 'Màmá, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.' Ṣùgbọ́n eléyìí, oyin ni ṣáá. Oyin lórí oyin. Orin wa ló fi ń parí rẹ̀, orin tí mo fi tọ́ ọ, ṣùgbọ́n kì í kọ ọ́, ńṣe ló ń sọ ọ́." Ló bá gbé e, ohùn rẹ̀ fúyẹ́ bí òwú:

"Abẹ́rẹ́ lọ sóko, òwú tẹ̀ lé e,
Abẹ́rẹ́ lọ sódò, òwú tẹ̀ lé e.
Bí ilẹ̀ bá ṣú, ta ni yóò délé?
Abẹ́rẹ́ á délé, òwú á délé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rọra," Alágbàfọ̀ ní. Ó yíjú sí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́ mà. Dókítà ní ọkàn wọn ò lágbára."

"Ọkàn náà ni mo gbé wá síbí!" Màmá Aránṣọ fi ọwọ́ gbá tábìlì. "Bí wọ́n bá jí i gbé, kẹ́ ẹ sọ fún mi. Bó bá kú, kẹ́ ẹ sọ fún mi. Ẹni tí wọn ò túfọ̀ fún, níbo ni kó ti bẹ̀rẹ̀ ẹkún?"

Elétí-Ọfẹ fa fóònù náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

*

Sájẹ́ǹtì kan wà lágọ̀ọ́ náà tí wọ́n ń pè ní Wàràǹṣeṣà. Ikùn rẹ̀ ti yọ síwájú bí ìkòkò, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń sáré tó o.

"Ọ̀gá wa, ẹjọ́ ti tán!" ó ní. "Òjò ń rọ̀ níbi tó wà, àbí? Ká wá ibi tí òjò ti ń rọ̀ kiri. Ibẹ̀ ni wọ́n há a mọ́."

Wọ́n pe àwọn tó ń wo ojú ọjọ́. Àwọn yẹn ní láti ibí títí dé ibodè, kò sí ibi tí òjò ti ta sílẹ̀ láti ọjọ́ márùnlélógójì.

"Ẹjọ́ náà tún ti jí," Elétí-Ọfẹ ní.

"Ó ti tún kú, ọ̀gá wa! Ọ̀gá tó ni ilé fídíò ni. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ẹ̀rọ wà. Ẹ jẹ́ n lọ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú un wá."

Elétí-Ọfẹ gbé gèlè sórí, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n, bó ṣe máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ń yí nínú rẹ̀:

"Ẹ rọra, ẹ rọra,
Ìgbín tó rọra ló gungi;
Ẹ sáré, ẹ sáré,
Ehoro tó sáré ló kó sí pàkúté."

"Èmi lẹ ń fi orin bú," Wàràǹṣeṣà ní.

"Bó bá bá ọ mu, wọ̀ ọ́."

*

Òkè kẹta ni ilé fídíò wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ga bí òkè ọlá. Elétí-Ọfẹ dúró lẹ́ẹ̀mejì kó tó débẹ̀. Yàrá kan ni, wọ́n fi fóòmù dúdú bo ara ògiri rẹ̀ kí ariwo má bàa wọlé, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá sọ níbẹ̀ ń kú lẹ́nu onítọ̀hún ni.

Àfi ọ̀rọ̀ Ọ̀gá Fídíò. Tirẹ̀ kì í kú.

"Ohùn ta ló wà nínú ẹ̀rọ yín?"

"Ohùn Olóhùn-Iyọ̀ ni mà, mi ò ní purọ́, òun fúnra rẹ̀ ló jókòó sórí àga yẹn tó fi ọjọ́ mẹ́ta kàwé sí i, tinútinú ló fi ṣe é, ohùn yẹn ló ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò báyìí, òun ló ń ka ìròyìn, òun ló ń polówó ọṣẹ, kódà ìyàwó mi ní kí n máa..."

"Ẹ mí," Elétí-Ọfẹ ní.

Ọkùnrin náà mí.

"Ta ló lè mú kó sọ̀rọ̀?"

"Èmi pẹ̀lú Olóhùn-Iyọ̀ nìkan. Àwa méjì la ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ibi yòówù tí a bá wà, a lè fi fóònù ṣí i."

"Ó ti jẹ́wọ́!" Wàràǹṣeṣà kígbe, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìbéèrè ni mo bi í, ó sì dáhùn. Jókòó." Ojú Elétí-Ọfẹ ti wà lára ògiri, níbi tí ẹnì kan ti lẹ bébà kékeré kan mọ́ fóòmù. Ọwọ́ obìnrin ló kọ ọ́, ó tẹ̀ sí ọ̀tún bí ẹni tó ń dòbálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. *Kọ ohun tí èémí kan lè gbé.*

"Òfin rẹ̀ nìyẹn," Ọ̀gá Fídíò ní, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Gbogbo ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí a máa kọ̀wé bí ìwé ilé ẹjọ́. Ẹ̀rọ á wá kà á gbuurugbu, bí ẹni tí wọ́n ń lé. Olóhùn-Iyọ̀ kì í jókòó kọ̀wé. Á dìde, á máa rìn, á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ jáde. Ibi tí èémí rẹ̀ bá ti tán, ibẹ̀ ló máa fi òdo kékeré kan sí. Bí ẹ̀rọ bá dé ibi òdo, á mí. Ẹ̀rọ ò ní ẹ̀dọ̀fóró, mà. Èémí tiẹ̀ ló ń yá a. Ó máa ń ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò bá kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ tọ́ wò, kò yẹ kó gbé e fún etí ẹlòmíì."

Ó mú ìwé àtijọ́ kan jáde nínú dúrọ́ọ̀. Elétí-Ọfẹ ka ọ̀rọ̀ tó wà láàárín òdo kan sí òdo kejì. Méjìlá. Mọ́kànlá. Ibì kan tiẹ̀ wà tó jẹ́ mẹ́rìnlá.

"Kí ló sọ fún yín kó tó lọ?"

"Ó ní iṣẹ́ tuntun ni. Mo bínú, mo ní kó máa lọ." Ọ̀gá Fídíò fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Mi ò kí i pé ó dàárọ̀."

Wàràǹṣeṣà mú un lọ sí àgọ́ ṣá. Ó ní ẹkún kì í ṣe ẹ̀rí.

*

Elétí-Ọfẹ ra páálí ìṣáná mélòó kan, ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, ó gbé fóònù síwájú, ó sì gbọ́ fídíò mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún, látorí èkíní. Bí ohùn náà bá sọ ọ̀rọ̀ kan, á fi igi ìṣáná kan lélẹ̀. Bó bá mí, á bẹ̀rẹ̀ ìlà mìíràn.

Èkíní dé pẹ̀lú àwòrán òdòdó pupa: "Màmá mi ọ̀wọ́n, mo ti dé ibi iṣẹ́ tuntun mi láyọ̀." Igi mọ́kànlá kí ó tó mí. Nínú ìkẹjọ, igi méje. Nínú ìkejìlá, igi márùn-ún. Nígbà tó fi máa dé ìkẹrìndínlógún, èyí tó ń kí ìyá kú òjò nínú ọ̀gbẹlẹ̀, igi mẹ́ta ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta, mẹ́ta, mẹ́ta. Àwọn igi náà lọ sísàlẹ̀ lórí tábìlì bí àtẹ̀gùn.

"Ẹ̀rọ ti ń bàjẹ́ ni," Wàràǹṣeṣà ní lẹ́nu ọ̀nà.

"Lọ mú ọkùnrin yẹn wá."

Wọ́n mú Ọ̀gá Fídíò wọlé. Elétí-Ọfẹ ti bébà àti bírò sọ́dọ̀ rẹ̀. "Ẹ kọ ìkíni sí ìyá yín, bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ fún ẹ̀rọ. Ẹ fi òdo sí ibi tó yẹ kó ti mí."

Ó kọ, ó kọ, ó yí bébà padà, ó ń kọ lọ. Nígbà tó parí, òdo kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ní ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Wàràǹṣeṣà, wo ibí yìí. Ṣé ẹni tí kò lè dákẹ́ yìí ló kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, tó mí, tó tún kọ mẹ́ta?" Sájẹ́ǹtì họ orí. Elétí-Ọfẹ kọjú sí ọkùnrin náà. "Ọ̀gá, ṣé ó máa ń rẹ ẹ̀rọ?"

"Ẹ̀rọ kẹ̀? Kì í rẹ̀ ẹ́, mà. Ohun tí a bá kọ fún un ló ń sọ."

"Á jẹ́ pé ẹni tó ń kọ ọ́ ló ń rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi èémí ara rẹ̀ wọn ọ̀rọ̀, bí èémí bá kúrú, ọ̀rọ̀ á kúrú." Ó tẹ̀ síwájú. "Láàárín àwọn tó ń gun àtẹ̀gùn yín, ta ni kò lè gùn ún mọ́?"

Ọ̀gá Fídíò la ẹnu. Àwọn méjèèjì ń wò ó, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀, ó dákẹ́.

"Ó máa ń jókòó," ó wí nígbẹ̀yìn. "Lórí àtẹ̀gùn, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó dé òkè. Á máa húkọ́. Ó ní eruku ni. Olúwa mi o. Mo bínú sí i pé ó ń pẹ́ dé."

Wàràǹṣeṣà bọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kó bọ́ ọ.

"Kò sí ẹni tó jí i gbé," Elétí-Ọfẹ ní. "Òun fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó wà láàyè á wo ojú sánmà kó tó kí èèyàn kú òjò. Ẹni tó bá ń kọ ọ́ sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú, kàlẹ́ńdà ló máa wò. Kàlẹ́ńdà ní òjò á ti dé. Òjò ló já a kulẹ̀."

"Ta wá ló ń fi ránṣẹ́, ọ̀gá wa?"

Elétí-Ọfẹ ń kó igi ìṣáná padà sínú páálí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò kọrin. "Ẹni tí kò lè dìde lórí ibùsùn ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án."

*

Ẹ̀yìnkùlé ilé Màmá Aránṣọ ni Elétí-Ọfẹ ti bá Alágbàfọ̀, tó ń lọ aṣọ. Láti inú ilé, kẹ̀kẹ́ ìránṣọ ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí."

"Ẹ kúuṣẹ́ mà. Ṣé ẹ ti rí wọn mú?"

"Níbo lẹ sin ín sí?"

Áyọ́ọ̀nù dúró sójú kan. Èéfín tẹ́ẹ́rẹ́ dìde lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun náà. Elétí-Ọfẹ ló nawọ́ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò.

"Ìlú tó ti lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ni," Alágbàfọ̀ ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ewé lọ. "Èmi, nọ́ọ̀sì kan, àti ẹni tó gbẹ́ ilẹ̀. Àwa mẹ́ta la sin ín. Ọmọ tí ohùn rẹ̀ dé ilé gbogbo ayé."

"Kí ló dé tí kò fi ohùn ara rẹ̀ gbà á sílẹ̀?"

"Ohùn wo? Ikọ́ ti jẹ ẹ́ tán. Ó ní, 'Àǹtí, ohùn mi ti lọ, ṣùgbọ́n ohùn mi àtijọ́ ṣì wà nínú ẹ̀rọ. Òun ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí Màmá máa gbọ́.' Ó fi fóònù rẹ̀ sí mi lọ́wọ́, ó mú mi búra. Ó ní ọkàn ìyá òun ti sin ọmọ méjì, kò lè sin ìkẹta. Ó fẹ́ ṣe ti ọdún kan gbáko, ọ̀kan fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é. Nọ́ọ̀sì á ní kó dùbúlẹ̀, òun á ní ọ̀rọ̀ kì í dùn bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ kọ ọ́. Á di irin ibùsùn mú, á dìde." Ó fi ìka tí omi ọṣẹ ti hun bo ojú. "Èémí kò dé ọdún kan, mà. Mẹ́rìndínlógún ló dé. Ọ̀la ni Àbámẹ́ta. Mi ò ní nǹkan kan mọ́ tí mo lè fi ránṣẹ́."

Ìgbà náà ni Elétí-Ọfẹ ṣàkíyèsí pé kẹ̀kẹ́ ìránṣọ kò dún mọ́.

Màmá Aránṣọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tépù lọ́rùn. Kò ṣubú. Kò dì mọ́ nǹkan kan.

"Aránṣọ ni mí," ó ní. "Mo máa ń mọ̀ bí aṣọ bá ti fẹ́ tán."

Alágbàfọ̀ ti wólẹ̀ sórí eékún méjèèjì. "Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ dárí jì mí! Mo búra fún un!"

"Oṣù mẹ́rin! O jókòó tì mí, ò ń wò mí bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín sí fóònù! Ò ń bá mi ṣàmín!" Ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ gbá a létí. Ọwọ́ náà kò sọ̀ kalẹ̀. Ó rọra bà lé orí àbúrò rẹ̀. "Ta ló wá bá ọ sunkún?"

"Kò sẹ́nìkan. Inú omi ọṣẹ ni mo ń sun ún sí."

Elétí-Ọfẹ ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan lẹ́nu iṣẹ́. Ó kọjú sí ògiri, ó ń wo ògiri náà bí ẹni tó fẹ́ rà á.

Nígbà tó yá, Alágbàfọ̀ wọlé, ó mú fáìlì ọ̀rá kan jáde lábẹ́ aṣọ oníbàárà, ó tún padà wá kúnlẹ̀. Bébà mẹ́tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀. "Ìkẹtàdínlógún rèé. Kò rí agbára fi sínú ẹ̀rọ. Mi ò mọ̀ ọ́n lò."

Màmá Aránṣọ kò mọ̀wé. Ó gbé e fún Elétí-Ọfẹ. "Ẹ bá mi kà á. Mi ò fẹ́ ẹ̀rọ."

Elétí-Ọfẹ gbé dígí sójú. Ọwọ́ tó kọ ọ́ ni ti ara ògiri ilé fídíò yẹn, ṣùgbọ́n ó ti dòbálẹ̀ tán báyìí. Ó fẹ́ jókòó, ló bá rántí. Ó dìde dúró. Ibi tí òdo bá wà, ó mí.

"Màmá."

Ó mí.

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀."

Ó mí.

"Ẹ nujú nù."

Ó mí.

"Mo ní..."

Ó mí.

"...kẹ́ ẹ má gbé..."

Ó mí.

"...ẹrù wúwo."

Igbe kan bọ́ lẹ́nu Màmá Aránṣọ, ẹ̀rín ló kọ́kọ́ jọ. "Ó bá mi jà!" Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú, ó ń mì í. "Ṣé o gbọ́? Ó bá mi jà! Ọmọ mi nìyẹn! Ọmọ mi gan-an nìyẹn!" Àárín ẹ̀rín náà ni ẹkún ti gbà á lọ́wọ́ ara rẹ̀, ẹkún oṣù mẹ́rin, ó sì sun ún títí oòrùn fi kúrò lórí okùn aṣọ. Ọkàn tí dókítà ní kò lágbára, ó gbà á.

"Ó kù díẹ̀," Elétí-Ọfẹ wí pẹ̀lẹ́.

"Ẹ kà á."

"Bí ilẹ̀ bá ṣú..." Ó mí. "...ta ni yóò délé?"

Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Òdo ni, òdo, òdo, ó ń lọ títí dé ìsàlẹ̀ bébà, ó ń kéré sí i. Elétí-Ọfẹ kò fo ọ̀kan. Ó mí gbogbo rẹ̀.

Ìgbà tó mí èyí tó kẹ́yìn, Màmá Aránṣọ gbójú sókè. Ó bọ́ tépù kúrò lọ́rùn, ó wé e mọ́ ìka, ó gbé orin náà láti ibi tí ọmọ rẹ̀ já a sí.

"Abẹ́rẹ́ á délé," ó kọ ọ́. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ti tán.

Orí ilẹ̀ tó kúnlẹ̀ sí, Alágbàfọ̀ ló bá a gbè é.

"Òwú á délé."